Má Wa Mọ́tò Pupa Náà Wá sí Oǹdó ní Sátidé

Ìlú Oǹdó,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Káyọ̀dé ọmọ mi, ọkọ Fúnmi,

Má wa mọ́tò pupa náà wá sílé ní Sátidé. Mo fi èyí ṣáájú kíkí, nítorí mo mọ irú òǹkàwé tí o jẹ́: o máa ń ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn, o sì máa ń fi àárín sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí ẹrù bá ti wà nínú búùtù, kó o jáde. Bí Fúnmi bá ti jókòó, sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìtìjú ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnu mi kò fi ní tètè dé ibẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Bọ́lá àbúrò yín ni mo di bírò mú. Ẹ mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì báyìí, ó tóbi tó orí ọmọ ọlọ́dún kan. Lọ́jọ́ Ajé ó lọ bá aládùúgbò wa wo mọ́tò tó gbóná, kò dúró kó tutù, ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, omi náà fò débi òrùlé, ọwọ́ Bàbá ló sì kọ́kọ́ bà lé nígbà tó ń bọ̀. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ òun bí òun ṣe sọ ọ́, n kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i. Ibi tí mo bá ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó mọ̀, torí mi ò lè pè yín ní "ìwọ" kí ọwọ́ mi má rọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́tà yín dé lọ́sàn-án yìí láti ọwọ́ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tí ẹ fi rán. Mò ń kà á fún Bàbá, ó ń jẹ iyán pẹ̀lú ọwọ́ òsì, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbọ́ pé àwọn ará ọ́fíìsì yín ní Àkúrẹ́ ń jáde wá wo mọ́tò náà lójú fèrèsé. Ó gbọ́ pé ìyàwó wa ti wọ oṣù kẹjọ, pé ẹ̀ ń gbé e bọ̀ wá bá Màmá ní Sátidé kó lè bímọ sílé, àti pé lọ́jọ́ Ìsinmi ẹ ó fi mọ́tò pupa gbé gbogbo wa lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá dé ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé, "Búréèkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ó ń mú."

Bàbá dá òkèlè padà sínú àwo.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Tún un kà."

Mo kà á títí mo fi lè fi orin gbé e nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó fọ ọwọ́. Iyán tí Màmá gún títí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já, kò tíì jẹ ìdajì. Ó ní, "Lọ mú bébà wá."

Káyọ̀dé, ó yá.

Ìkíní. Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ èyí, síbẹ̀ wo ọwọ́ mi. Ìmọ̀ kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ ìkánjú. Bí mẹkáníìkì kan bá sì sọ fún ọ pé kí o jẹ́ kí òun yọ nǹkan kékeré tó ń dá omi dúró lẹ́nu ẹ́ńjìnnì dànù kó má baà gbóná mọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o ti mọ́tò rẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń yọ nǹkan dànù kò mọ ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀.

Ìkejì. Lọ́dún tí nǹkan bá le, owó tó bá wọlé kò lè dé gbogbo ibi tí mọ́tò ti ń ké. Nítorí náà fi èyí sọ́kàn bí orin ìjọ: ohun tó ń dá mọ́tò dúró ló ṣáájú ohun tó ń mú un sáré, ohun tó ń mú un sáré ló sì ṣáájú ohun tó ń mú un dán. Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà fẹ́ lọ sílé, tó ta mọ́tò náà fún mi, tíṣà kékeré ni mí, n kò ní ju ṣòkòtò mẹ́ta lọ. Kí ni mo kọ́kọ́ ṣe? Mo kùn ún ní pupa. Mo ra fèrè oníohùn méjì sí i. Iná iwájú tó ń là bí ojú ológbò, tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, mo lè là á kí n pa á dé nígbà ogún níwájú ilé ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Lákòókò yẹn táyà ẹ̀yìn rẹ̀ dán ju orí àgbà lọ.

(Bọ̀dá, Màmá ní ilé òun ni. Ó ní òun ò fìgbà kan bojú wo ìta.)

Ìkẹta. Táyà tọ́kúnbọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ohun tí agbára wa ká nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú òòrùn, fi èékánná wo àárín ojú rẹ̀. Bí ó bá sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, máa bá tìrẹ lọ, bó ti wù kó dúdú tó. Wọ́n ń fi nǹkan pa á lára ni. Mọ́tò tìrẹ sì kúrú, ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Bí ó bá gbá gegele, má ṣe lọ sílé lọ sùn. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán.

Ìkẹrin. Bí mẹkáníìkì bá ń ṣiṣẹ́, má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Má lọ jẹun. Má lọ kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá yọ, kó fi lé ọ lọ́wọ́. Bí ó bá sì sọ pé "èyí á ṣì gbé yín títí di ìparí oṣù," ọmọ mi, bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀…

Bọ̀dá, ibí yìí ni Bàbá dákẹ́ sí. Mo gbé bírò sókè, mo dúró títí irun fẹ́rẹ̀ẹ́ hù lórí bírò náà. Mo ní, "Bàbá, bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní kí n fa ìlà sí i. Mo fà á. Ó ní kí n padà sí ọ̀rọ̀ táyà. Mo ní a ti parí táyà. Ó ní kí n kọ nípa pílọ́ọ̀gì. Òógùn bò ó níwájú orí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òòrùn.

Ìgbà náà ni Bàbá Ṣadé wọlé, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀rẹ́ Bàbá yìí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa pé orí igi obì ló ti já bọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń nà wá bí a bá gun igi.

"Tíṣà, báwo lọwọ́?"

"Ó ń ta mí. Mò ń kọ̀wé sí Káyọ̀dé. Ó fẹ́ wa mọ́tò gbé ìyàwó wálé ní Sátidé."

"Mọ́tò wo?"

"Èwo ni mo tún ní?"

Bàbá Ṣadé rọra jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó sì ń wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Búréèkì ń lọ sílẹ̀," Bàbá sọ. "Ó ní bí òun bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ó ń mú."

"O ti sọ tèmi fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Tíṣà, igi obì wo ni mo ti já bọ́? Èmi tí òyì ń kọ́ tí mo bá gun àga láti so àwọ̀n ẹ̀fọn. Sọ fún ọmọ náà. Mo ti bá ọ gbé igi obì yẹn kiri, ó tó gẹ́ẹ́."

Bàbá yí orí sí mi. Ó ní, "Kọ ọ́."

Káyọ̀dé, ọdún tó ṣáájú èyí tí a bí ọ ni. Wọn kò san owó oṣù wa, ọ́ìlì búréèkì tán nínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ṣèlérí láti lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan ní Àkúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá ilé-ìwé. Mẹkáníìkì kan ní kí a po omi ọṣẹ, kí a dà á síbẹ̀, pé yóò gbé wa lọ, yóò gbé wa bọ̀. Ó gbé wa lọ lóòótọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, mo ń sáré, mo ń fọnnu. Bàbá Ṣadé ní kí n rọra, mo ní ṣé ó ń bẹ̀rù ni. Ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sílẹ̀ sí odò Ọ̀wẹnà, mo gbé ẹsẹ̀ lé búréèkì, n kò gbé e kúrò. Irin búréèkì gbóná, ooru rẹ̀ wọ inú omi ọṣẹ, omi ọṣẹ hó. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ẹni pé mo ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa lórí afárá. Mo yà sínú oko kòkó. Èmi jáde láìní egbò. Ẹsẹ̀ Bàbá Ṣadé ti kán sí ọ̀nà méjì.

Ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ọmọkùnrin tó ń sá eré kiri nínú mọ́tò tó kúrú. Bàbá Ṣadé wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó ń mí gúlegúle nítorí ìrora, ó ní, "Tíṣà, sọ pé igi obì ni." Èmi sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà.

Bọ̀dá, bí mo ṣe gbójú sókè, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó nù ún títí ọwọ́ náà fi fẹ́ bó.

"Nítorí tèmi ni?" ó bi Bàbá Ṣadé.

"Ìyàwó, ó ti pẹ́."

"Ọdọọdún ni mo ń gbàdúrà fún yín kí ẹ má gun igi mọ́."

"Àdúrà náà gbà. N kò gùn ún mọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Bàbá kò gba ẹ̀rín. Ó ní òun kò tíì parí, kí Màmá náà jókòó. Màmá kò jókòó.

Ìkarùn-ún. Káyọ̀dé, ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì mọ́tò náà kò ní búréèkì. Kì í ṣe pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò ní rárá. Ó ti di ọdún mẹ́fà.

Lọ́dún náà ni wọ́n fi oṣù márùn-ún jẹ wá níyà láìsan owó oṣù. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ yẹn jò. Mẹkáníìkì mi níhìn-ín ní kò sí ohun tó nira níbẹ̀. Ó gé páìpù náà, ó ká ẹnu rẹ̀ kò, ó gbé e lé irin, ó sì fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ kí ọ́ìlì má lè kọjá. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹ́kù á máa dá mọ́tò dúró, pé á ṣì gbé mi títí di ìparí oṣù. Èmi fúnra mi ló bá a di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ìparí oṣù dé, owó ilé-ìwé rẹ gbà á. Ìparí oṣù mìíràn dé, òrùlé ń jò. Nígbà tó yá mo ra páìpù tuntun, mo fi bébà wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Nítorí pé nígbà tí mo fi ra páìpù, ara mi ti mọ́ ọn. Bí mo bá tẹ búréèkì, mọ́tò á fẹ́ yà sí ọ̀tún, èmi náà á fà á díẹ̀ sí òsì, bí ènìyàn ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé. Ọwọ́ mi ń ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ orí mi. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n wà ni. Mo kàn ti gbàgbé bí mọ́tò tó pé ṣe ń dúró ni.

Lọ́jọ́ tí o rí iṣẹ́, tí mo fà á lé ọ lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò jáde. O dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Àwọn ènìyàn ní, "Bàbá rere." Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo wo ojú àwọn ènìyàn, mo sì sọ fún ọ pé, "Máa rọra tẹ̀ ẹ́ o." Ìkìlọ̀ ni mo fún ọ. Òtítọ́ ni mo jẹ ọ́.

"Ọdún mẹ́fà," Màmá sọ. "Títí ẹ fi fà á lé Káyọ̀dé lọ́wọ́ lẹ fi ń gbé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú pósí, èmi ń juwọ́ sí àwọn èèyàn."

"Mo máa ń rọra wà á."

"Pósí náà kì í sáré, Bàbá Káyọ̀dé."

Ó wọlé. A gbọ́ tó ń fa nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní kí n máa kọ ọ́ lọ, pé kí n má jẹ́ kí òun dákẹ́ mọ́.

Ìkẹfà. Fetí sílẹ̀ báyìí. Bí búréèkì bá ń lọ sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lo fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó mú, ọ́ìlì ń jò níbòmíràn nìyẹn, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ti ń di méjì. Nínú ìgboro Àkúrẹ́, ìwọ kò ní mọ̀, torí kò sí ibi tí o ti ń sáré. Ọ̀nà Oǹdó ni yóò sọ fún ọ, níbi tó ti ń lọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹrù nínú búùtù àti aboyún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. O ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ bí ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọkàn rẹ ń sọ. O ní ìrìn wákàtí kan péré ni, o ó sì máa rọra. O ti sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé o ń fi í lọ ilé. Ó wù ọ́ kí ìyàwó rẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ, ó wu èmi náà rí. Ohun tí ó ń wù wá yẹn ló kán ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó tì mí yìí, èmi tí ó wù kò sì tiro rárá.

Nítorí náà, Fúnmi á wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ Sátidé, ìjókòó iwájú, ìwọ pẹ̀lú rẹ̀. Mọ́tò á dúró síbi tó wà. Má wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ni kó wá bá a. Ọkùnrin àgbàlagbà ará Ìjàrè kan wà lọ́nà Oda ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Bàbá Sùúrù. Kò ní sùúrù fún ènìyàn, irin ló ní i fún. Yóò bú ọ. Jẹ́ kó bú ọ. Kó tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe èyí tó ń jò nìkan. Kó yọ páìpù tí wọ́n lù pẹlẹbẹ yẹn, kó fi lé ọ lọ́wọ́, kí o lè mọ ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ ní ogún. Páìpù tuntun wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Tí ó bá fa afẹ́fẹ́ jáde tán, tẹ búréèkì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbé ẹsẹ̀ lé e, kí o máa kà títí dé ọgọ́ta. Bí ó bá lọ sílẹ̀ bí irun kan péré, kó tún un ṣe. Kí o tó wá máa wà á.

Sọ gbogbo èyí fún Fúnmi kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Má sọ fún un pé mọ́tò ń ṣe wàhálà díẹ̀. Sọ fún un pé bàbá ọkọ rẹ̀ mọ̀, kò sì sọ. Bí ó bá bínú, kó wá bínú sí mi níhìn-ín. Ohun tí a bá fi òòlù pa ẹnu rẹ̀ dé nínú ilé, ẹni tí kò mọ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ lórí òkè.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Gẹ́gẹ́ bí tíṣà, n kò rántí pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé kan rí, nítorí náà bí n kò bá mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, fi ọwọ́ òsì gbà á, ọwọ́ òsì ni èmi náà fi ń buwọ́ lù ú.

Bàbá rẹ.

Bọ̀dá, ẹ wo bó ṣe buwọ́ lù ú, ó dà bí ìgbà tí adìẹ rìn nínú tàdáwà. Ó kù díẹ̀. Dírẹ́bà ni a fẹ́ fi lẹ́tà náà rán, ṣùgbọ́n Màmá jáde sí wa, ó gbé páìpù lọ́wọ́, ó ní, "Dírẹ́bà á lọ jẹun, á gbàgbé rẹ̀ sápò títí di Ọjọ́rú." Ó ní Bọ́lá ló máa gbé e lọ láàárọ̀ Ẹtì, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.

Nítorí náà èmi náà ni mo dúró níwájú yín yìí bí ẹ ti ń kà á. Ẹ má tíì wo ojú mi. Bàbá ní n kò gbọdọ̀ jókòó, n kò gbọdọ̀ mu omi, n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyàwó wa fún mi ní nǹkan kan. Ó ní bí ẹ bá ń bá mi jiyàn, kí n má dá yín lóhùn, kí n kàn máa na ọwọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó gba Àkúrẹ́ dé Ìgbàrà-Òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ọwọ́ mi ló wà níwájú yín yẹn, Bọ̀dá. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà sí i.